Ojú Ọ̀gá àti Ẹsẹ̀ Sọ́kẹ́ẹ̀tì

Bí ọkùnrin yìí bá fẹ́ sín, Igbákejì rẹ̀ á ti kí i kú ìrọ́jú kí imú rẹ̀ tó rántí ohun tí ó fẹ́ ṣe. Bí ó bá sín tán, gbogbo ọ́fíìsì á dìde, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ fún nítorí pé ó sín, àánú ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe yín, nítorí kò sí ẹni tí yóò sọ fún un mọ́ bí ikun bá wà ní imú rẹ̀.

Òun ni Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe iná búlúù fún àwọn ilé ìwòsàn. Iná yìí kì í ṣe iná tí à ń tàn sí pálọ̀. Ọmọ tuntun tí ibà pọ́njú bá mú, tí awọ ara àti ẹyinjú rẹ̀ dà bí èso ìyeyè, abẹ́ iná yìí ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí ní ìhòòhò, tí wọ́n á fi aṣọ kékeré bo ojú rẹ̀, títí àwọ̀ burúkú náà yóò fi lọ. Ìyá tó bá ti jókòó ti irú iná bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé ènìyàn kì í fẹ́ ṣẹ́jú níbẹ̀.

Ní yàrá iṣẹ́, tó gùn tóóró, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, irin gbígbóná lọ́wọ́ ọ̀tún, òjé tín-ín-rín bí okùn lọ́wọ́ òsì. Wọ́n á to àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí ń darí iná sórí bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé, wọ́n á fi irin yọ́ òjé sí ìdí wọn, èéfín á rú, wọ́n á kọ imú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tí wọ́n máa ń fi sí i kẹ́yìn ni sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹnu kékeré tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí ní oríṣi ẹsẹ̀ méjì. Ó ní àwọn ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ bí irungbọ̀n ológbò, inú wọn ni iná ń gbà. Ó sì ní ẹsẹ̀ ńlá méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí iná kankan kì í gbà. Ṣe ni wọ́n ń ki àwọn yẹn bọ ihò inú bọ́ọ̀dù, tí wọ́n á fi òjé dì wọ́n lẹ́yìn, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì má baà mì. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: "Ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ ló ń gbé iná, ẹsẹ̀ ńlá ló ń jẹ̀yà."

Ọ̀gá Àgbà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Kì í wọ yàrá iṣẹ́. Ó ní èéfín òjé kò mọ ẹni tó yẹ kó bọ̀wọ̀ fún.

Ní àsìkò tí à ń wí yìí, etí rẹ̀ ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi òun ṣe Alákòóso gbogbo ilé-iṣẹ́ ìjọba. Láti ìgbà náà ni ó ti ń rìn bí ẹni tó ru omi kún dẹ́nu, tí kò fẹ́ kó dà. Ó pe ìpàdé.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni ó wí, ó sì dákẹ́ kí wọ́n lè gbádùn bí ó ṣe pè wọ́n. "Mo ronú lánàá. Ìrònú náà sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi."

"Ẹ ṣeun, sà," ni Igbákejì wí. "Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yín sí i."

"Iná wa ń gba àwọn ọmọ là. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn ọmọ náà mọ̀? Wọn ò mọ ẹnì kankan! Wọ́n á dàgbà, wọ́n á gbéyàwó, wọ́n á wọ bàtà, wọn ò sì ní mọ ojú ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ọpẹ́. Ìwà àìmoore ni! Nítorí náà, láti òní lọ, àwòrán mi ni wọn óò máa tẹ̀ sí ẹ̀yìn gbogbo bọ́ọ̀dù."

Ẹnjiníà tó jẹ́ olórí yàrá iṣẹ́ na ọwọ́ sókè. Obìnrin ni, ẹnu rẹ̀ sì mú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, inú ike ni bọ́ọ̀dù ń wà, a sì ti dè é pa. Ta ló máa rí i?"

"Ọlọ́run á rí i."

"Ọlọ́run ti mọ̀ yín tẹ́lẹ̀, sà."

Ikọ́ gba inú yàrá náà kan, irú ikọ́ tí í máa ṣe àwọn tí kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Igbákejì fò dìde. "Ẹni tó bá tú u á rí i!" ni ó kígbe. "Ìgbàkígbà tí wọ́n bá tú iná wa, ojú Ọ̀gá ni wọn óò kọ́kọ́ kàn!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ta ní ń tú iná wò? Ṣebí ẹni tí tirẹ̀ bàjẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Àgbà ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ìdúró tí ó fẹ́ dúró fún àwòrán náà ló gbà á lọ́kàn.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ wá fún un lórí tìmùtìmù pupa. Ó yí ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù náà sókè, ẹ̀rín sì kú ní ẹnu rẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ńlá méjèèjì ti yọ jáde lẹ́yìn bọ́ọ̀dù, tí wọ́n fi òjé dì, orí ojú méjèèjì inú àwòrán náà gan-an ni ó bọ́ sí. Òjé roboto méjì ń dán níbi tí ẹyinjú yẹ kó wà. Ó jọ ẹja tí wọ́n sè jinná.

"Ojú tó ń ríran jìnnà ni, sà," ni Igbákejì wí. "Ó ń tàn."

"Ojú ẹja ni!"

"Ẹja ni, sà. Ẹja ńlá."

"Ẹ jẹ́ ká sún àwòrán náà sókè díẹ̀," ni Ẹnjiníà wí.

"Kí èmi sún fún sọ́kẹ́ẹ̀tì?"

"Tàbí ká dín in kù."

"Ká dín Ọ̀gá kù?" Igbákejì di orí mú bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. "Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ìyá yìí! Ká dín Ọ̀gá kù!"

Ọ̀gá Àgbà gbé ọwọ́ sókè. Ó gbé bọ́ọ̀dù sún mọ́ ojú rẹ̀. "Ẹsẹ̀ ńlá wọ̀nyí, ṣé iná ń gba inú wọn?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá sún iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti gbálẹ̀, wáyà á fà. Bí wáyà bá fà, àwọn ló ń gba ìfà náà dúró. Bí wọn ò bá sí, ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ á já."

"Mo ní, ṣé wọ́n ń gbé iná?"

"Wọn ò gbé e, sà."

"Wọ́n kàn dúró síbẹ̀ ni?"

"Dídúró wọn gan-an ni iṣẹ́ wọn, sà."

"Ní ilé-iṣẹ́ tí èmi jẹ́ olórí," ni Ọ̀gá Àgbà wí, ohùn rẹ̀ sì ń gòkè bí oníwàásù tó rí ìjọ, "ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ máa dúró lásán láìṣe nǹkan kan! Ẹ gé wọn! Ẹ dí ihò wọn!"

Igbákejì, tó ti dúró lásán láìṣe nǹkan kan láti àárọ̀, ni ó pàtẹ́wọ́ jù.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì gé Ẹnjiníà pẹ̀lú. Wọ́n ní kó lọ máa ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ń kó òfìfo páálí sí ní òdìkejì ìlú. Ó ṣì ní ọ̀rọ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ọmọ nílé, ẹni tó bá sì ní ọmọ nílé mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dé ètè tí yóò tún padà wọ ọ̀fun. Ó kó ṣíbí àti ife rẹ̀, ó lọ.

Ìyọnu kan kù. Ní ìparí iṣẹ́, òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa wáyà gbogbo iná wò bóyá ó dúró dáadáa. Ní ọjọ́ kìíní tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iná aláìlẹ́sẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó já sí i lọ́wọ́ kún agbọ̀n. Ó gbé agbọ̀n náà lọ bá Igbákejì.

"Ìfà rẹ ni kò dára," ni Igbákejì wí. "O ń fà á bí ẹni tó ń bá a jà."

"Sà, bí mo ṣe ń fà á láti ọjọ́ tí mo ti débí nìyẹn."

"Àwòrán ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀?"

"Ti Ọ̀gá, sà."

"O wá ń fà á!"

Bí òfin Ìfà Ọlọ́wọ̀ ṣe jáde nìyẹn. Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ lé e lórí títí tí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Ó ní ìfàkufà ló ba ayé jẹ́. Ó ní kí wọ́n máa fa wáyà bí ìyá ṣe ń fa aṣọ bo ọmọ tó ti sùn. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri, wọ́n sì lẹ ìwé pélébé mọ́ ara iná kọ̀ọ̀kan: Ẹ RỌRA. Láti ọjọ́ náà, kò sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan tó já mọ́ ní ilé-iṣẹ́. Gbogbo wọn ń dúró di ìgbà tí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn.

Nígbà tó yá, ọmọ Ọ̀gá Àgbà bímọ. Ọmọbìnrin ni, òun nìkan ni Ọ̀gá Àgbà àti ìyàwó rẹ̀ bí. Inú bàbá dùn, ó ní kí wọ́n gbé ìròyìn náà jáde nínú ìwé ìròyìn ilé-iṣẹ́, lábẹ́ àwòrán òun. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ pè é lórí fóònù. Obìnrin yìí nìkan ni kì í pàtẹ́wọ́ fún un.

"Bàbá àgbà, ibà pọ́njú ti mú ọmọ o. Wọ́n ti gbé e sábẹ́ iná."

"Iná ta ni?"

"Iná yín náà ni. Ẹ wá wò ó. Ọmọ yín ń sunkún."

Ọjọ́ tí wọn óò fi í jẹ Alákòóso gan-an ni. Kóòtù tuntun wà lọ́rùn rẹ̀, àwọn ènìyàn ti kún gbọ̀ngàn. Ṣùgbọ́n Igbákejì ní, "Sà, ẹ jẹ́ ká yà níbẹ̀ díẹ̀. Ayàwòrán wà pẹ̀lú wa. Ọmọ-ọmọ lábẹ́ iná, bàbá àgbà tó ṣe iná! Ta ló máa rí i tí ò ní sunkún?"

Wọ́n yà.

Yàrá àwọn ọmọ náà ń rùn fún omi ọṣẹ. Wọ́n to bẹ́ẹ̀dì kéékèèké lọ́wọ̀ọ̀wọ́, iná búlúù dúró lórí ọ̀pá lé wọn lórí. Àwọn ìyá tó wọ sálúbàtà jókòó tì wọ́n, ojú wọn wú. Ní igun kan, wọ́n kó àwọn iná tó ti kú jọ gègèrè. Nọ́ọ̀sì àgbà gbójú sókè, ó wo Ọ̀gá Àgbà, ó tún un wò.

"Mo mọ ojú yìí," ni ó wí.

Ọ̀gá Àgbà tún táì rẹ̀ ṣe. "Ó ṣeé ṣe."

"Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín! Ẹ̀yin lẹ wà nínú iná tó ń bàjẹ́!" Ó yí sí àwọn nọ́ọ̀sì yòókù. "Ẹ wá o, òun ló dé ní tòótọ́! Sà, gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá kú, tí a bá tú u, ẹ̀yin la ń bá níbẹ̀ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ó ti dé ibi pé tí iná bá kú báyìí, a á kàn ní 'Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín ti gbà á' ni."

Igbákejì pàtẹ́wọ́ díẹ̀ nítorí àṣà. Kò sẹ́ni tó bá a pa á.

Ọmọ náà kéré. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè lábẹ́ iná bí ẹni tí wọ́n yọ ìbọn sí, aṣọ funfun bo ojú rẹ̀, ikùn rẹ̀ pọ́n. Ọ̀gá Àgbà wò ó díẹ̀, ó sì yíjú sí ayàwòrán.

"Iná yìí ti dí mi lójú," ni ayàwòrán wí. "Mi ò rí yín dáadáa, sà."

"Kò le," ni Ọ̀gá Àgbà wí, ó sì gbá iná mú.

"Ẹ má fà á!" ni nọ́ọ̀sì kígbe.

Ó ti fà á. Kò fà á bí ìyá ṣe ń fa aṣọ bo ọmọ. Ó fà á bí ọ̀gá.

Iná kú.

"Bàbá mi!" ni ọmọbìnrin rẹ̀, ìyá ọmọ náà, ké láti orí àga. "Kí lẹ ṣe fún wa?"

Nọ́ọ̀sì ti ṣí ìdérí ẹ̀yìn iná. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ń fì dirodiro lórí wáyà. Ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù, iná tàn. Ó yọ ìka, iná kú. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ mú ọwọ́ yín wá, sà. Iná ibí yìí ò lè gbé yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹ má mì."

"Ẹ gbé iná mìíràn wá!"

"Gbogbo èyí tó kù ní ọmọ lábẹ́. Àwọn tó wà ní igun, ẹ̀yin lẹ ti gbà wọ́n."

"Títí di ìgbà wo ni n óò dì í mú?"

"Dókítà ní kí ọmọ yìí má kúrò lábẹ́ iná àfi tó bá fẹ́ mu ọmú. Bí ibà yìí bá gòkè sí i, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́." Ohùn rẹ̀ kò gòkè rárá nígbà tó sọ ọ́. "Mo ní àwọn ọmọ mìíràn láti wò, sà."

Ọ̀gá Àgbà tẹ̀ ẹ́. Iná búlúù tàn sí ojú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó yíjú sí Igbákejì. "Wá dì í mú. Wọ́n ń dúró dè mí ní gbọ̀ngàn."

Igbákejì dọ̀bálẹ̀. Ọgbọ́n ni ó fi dọ̀bálẹ̀ o, nítorí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kò lè di iná mú. "Háà, sà! Ta ni mí tí n óò fi ọwọ́ ẹlẹ́gbin mi dípò ọwọ́ yín? Ibi gíga ni ọwọ́ yín wà yẹn. Èmi ò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ bá yín jókòó lórí àga yín, kí ẹlòmíràn má baà jókòó síbẹ̀."

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó parí ọ̀rọ̀. Ayàwòrán tẹ̀ lé e.

"Ta ló mọ nǹkan yìí í ṣe?" ni ìyàwó Ọ̀gá Àgbà, tó dúró ti bẹ́ẹ̀dì náà, béèrè.

Ọkọ rẹ̀ wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ẹnjiníà kan wà."

"Ibo ló wà?"

"Níbi tí páálí wà."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń... dúró."

Ìyàwó jáde lọ rán awakọ̀ lọ pè é wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìdúró náà ṣe rí. Lákọ̀ọ́kọ́, ìka ni ó ń dùn ún. Nígbà tó yá, ó dé ọrùn ọwọ́, ó gun èjìká. Ó fẹ́ yọ kóòtù, kò lè yọ ọ́. Imú bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó sín, iná sì ṣẹ́jú, gbogbo ìyá tó wà ní yàrá pariwo mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan: "Ẹ di imú yín!" Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní kí ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé e. Ó ní kí ó gbé òsì, ó gbé e.

Láti inú rédíò kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ ohùn Igbákejì láti gbọ̀ngàn. Ó ní ọ̀gá òun fi tìfẹ́tìfẹ́ yọ̀ǹda ipò náà fún òun. Ó ní ọkùnrin náà ti rí ibi tó yẹ ẹ́. Àtẹ́wọ́ sọ bí òjò. Ọ̀gá Àgbà gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Iná ṣẹ́jú. Ọmọ náà ké, igbe tín-ín-rín, bí ilẹ̀kùn tí kò ní òróró. Ọkùnrin náà dá ẹsẹ̀ rẹ̀ padà.

"Bàbá mi," ni ọmọbìnrin rẹ̀ wí jẹ́jẹ́, "ẹ má lọ o."

"Mi ò lọ ibì kankan."

Nígbà tí Ẹnjiníà wọlé, eruku páálí ṣì wà lórí ẹ̀wù rẹ̀. Ó wo iná, ó wo ọ̀gá rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ kú ìdúró, sà."

"O kú àbọ̀," ni Ọ̀gá Àgbà wí.

Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀ kó fún un lọ́mú, Ẹnjiníà sì tú bọ́ọ̀dù jáde. Ó mú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ní ẹsẹ̀ ńlá méjèèjì jáde nínú àpò rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò, ó dúró.

"Mo gbọ́dọ̀ lu ihò sí i, sà."

"Níbo?"

"Ẹ mọ ibẹ̀."

Ọ̀gá Àgbà wo àwòrán ara rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wo bí asán ṣe ń pẹ́ kú: "Ṣé ojú kan ò lè dì í mú?"

"Ó máa yí, sà."

Ó yíjú sí ibi tí ọmọ ti ń fa ọmú, tí ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sílẹ̀. "Lu méjèèjì. Ìyá, lu ú kíákíá."

Ẹ̀rọ ké. Ẹnjiníà ki ẹsẹ̀ ńlá bọ ihò, ó fi òjé dì wọ́n, èéfín kọjá ní imú Ọ̀gá Àgbà, kò sì kọ imú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n tan iná, ó tàn. Ẹnjiníà fa wáyà rẹ̀ gírígírí, bí ẹni tó ń bá a jà, sọ́kẹ́ẹ̀tì ò mira. Wọ́n tẹ́ ọmọ padà sábẹ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì sun oorun lórí àga kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un pé kó sùn.

Ẹnjiníà ti jókòó sílẹ̀ nídìí àwọn iná tó wà ní igun. Ọ̀gá Àgbà ń na ìka rẹ̀ tó ti gan, ó ń wo ẹnu ọ̀nà, nígbà tí ìyá kan ní bẹ́ẹ̀dì kejì pè é. Iná ọmọ rẹ̀ nìkan ni obìnrin náà ti ń wò, kò mọ ẹni tó jẹ́. Iná tirẹ̀ ń ṣẹ́jú, ọwọ́ rẹ̀ ló fi dì í mú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi dì í mú. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fẹ́ lọ tọ̀."

Ó lọ bá a. Ó fi ìka rẹ̀ sí ibi tí ìka obìnrin náà wà, ó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ yín gbọ̀n o." Ó ń wọ sálúbàtà rẹ̀. "Ẹni tó ṣe nǹkan yìí, Ọlọ́run á bi í."

"Ó ti ń bi í, ìyá ọmọ," ni ó wí. "Ẹ lọ. Ẹ má sáré, mo wà níbí."